Ìyẹ́ Ńlá Lẹ́yìn Bùtéyì Kan

Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá mi sọ "ẹrù", tí èmi gbọ́ "ẹ̀rù", tí mo sì ṣe bí mo ṣe gbọ́ ọ lójú gbogbo ará Manigri. Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa mọ̀ pé ohun tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ju kí ohùn lọ sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ lọ. Ọ̀kan ni ohun tí à ń gbé. Èkejì ni ohun tó ń gbé wa. Àṣìṣe ohùn kékeré yìí ló gbé mi jáde láti ìsàlẹ̀ omi bí ẹni tí iná jó, ìdí ló kọ́kọ́ yọ, orí tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ àbúrò mi, tí wọ́n ń pè mí ní tọ́ńtọ̀n, ṣì máa ń ní kí n sọ ọ́ fún àlejò. Mo máa ń sọ ọ́. Ó sàn kí n sọ ọ́ fúnra mi ju kí wọ́n bá mi sọ ọ́, torí wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí i.

Nígbà náà, mo ti fi ebè iṣu bàbá mi sílẹ̀, mo wà ní Kútọnu. CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tí apá lè ṣe ni mo ń wá, mi ò da ara mi láàmú lórí èyí tí orí lè ṣe. Ọkùnrin ará Kétu kan ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi ní etí òkun. Wọ́n ń ha ìdí ọkọ̀, wọ́n ń tú okùn tó bá lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, wọ́n ń wá ohun tó bá já sínú omi. Èdè Nàgó tó gbọ́ lẹ́nu mi ló jẹ́ kó gbà mí. Ó ní kí n máa rọ afẹ́fẹ́ sínú bùtéyì, ìyẹn ìgò irin gbọọrọ tí ẹni tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi máa ń pọ̀n sẹ́yìn láti fi mí. Mo rọ afẹ́fẹ́ títí ó fi sú mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní wíwọ omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ ní kékeré ni odò kan tí à ń fi ẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù á sì dúró láàárín rẹ̀ láìbọ́ aṣọ. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ọkàn mi bá ti já, ìgbà náà ni mo máa ń pa àwàdà jù, tí mo máa ń pariwo jù. Ẹni tó bá ń súfèé gba inú igbó kọjá, kì í ṣe pé orin ń wù ú.

Kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ ohun kan nípa iṣẹ́ náà. Láàárín ẹ̀yìn ẹni àti bùtéyì, àpò rọ́bà kan wà tó rí bí òṣùká tí wọ́n fà gùn. Àwọn Faransé fi orúkọ ìyẹ́ ẹyẹ pè é, àwa náà ń pè é ní ìyẹ́, torí pé ó na apá kan sí ọ̀tún, ó na ọ̀kan sí òsì. Okùn rọ́bà kan ti ibẹ̀ wá sí èjìká, bútọ́ọ̀nù méjì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Tẹ èyí, afẹ́fẹ́ á wọ inú ìyẹ́, wàá fúyẹ́. Tẹ ìyẹn, afẹ́fẹ́ á jáde, wàá rì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè dúró láàárín omi bí àṣá ṣe ń dúró lójú ọ̀run, tí kò lọ sókè, tí kò sì balẹ̀. Oríṣi ìyẹ́ méjì la ní. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà fún ẹni tó pọn bùtéyì kan. Èyí tó fẹ̀ wà fún ẹni tó pọn méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, mo ti mi orí, mo ti ní ó ti yé mi. Orí mímì kò ṣòro.

Iṣẹ́ kan wá dé láti apá ọ̀dọ̀ wa. Baráàjì kan wà lẹ́yìn Manigri, ìlú wa, nígbà náà, omi tí wọ́n sé sí àfonífojì fún ọgbà ẹ̀fọ́ àti fún ẹran. Ìtí igi ńlá kan ti rì, ó sì lọ há sí ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀. Wọ́n fi okùn fà á títí, okùn ló já. Omi kún lókè, ọgbà sì ń gbẹ nísàlẹ̀, ata àti tòmátì ń rọ lójú àwọn tó gbìn wọ́n. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí wa. A kó ẹrù wá láti Kútọnu, a sì sùn ní Bassila. Láàárọ̀, bí a ṣe ń mu ògì lẹ́bàá ọjà, tí àwọn tó ń tà á ń fi èdè Anii rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń kí wọn, ọ̀gá yíjú sí mi.

"Ìlú ẹ là ń lọ. Ìwọ ni wàá bá mi wọ omi. Bó o bá ṣe é dáadáa, o ti di pùlọ́ńjọ̀ọ̀ nìyẹn. Bí o ò bá ṣe é dáadáa, ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ ò sá lọ."

Pùlọ́ńjọ̀ọ̀ ni ẹni tó ń fi wíwọ omi ṣiṣẹ́ jẹun. Orúkọ yẹn ni mo ti ń lé láti ọjọ́ yìí. Ohun tí ọ̀gá ò mọ̀ ni pé mo ti fi tẹlifóònù sọ fún gbogbo ilé, tipẹ́tipẹ́, pé mo ti di pùlọ́ńjọ̀ọ̀. Mo tiẹ̀ ti sọ fún wọn pé èmi ni igbákejì ọ̀gá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwàdà, ariwo mi ló pọ̀ jù lẹ́bàá ọjà náà.

Nígbà tí a dé etí baráàjì, ó dà bíi pé ìlú ti ṣófo wá síbẹ̀. Àwọn kan wá láti Doguè lórí alùpùpù. Àbúrò bàbá mi obìnrin ti oko bọ̀, ó sọ apẹ̀rẹ̀ iṣu rẹ̀ kalẹ̀, ó mú òṣùká dání, ó ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀ títí ó fi dé iwájú mi. Òun ló wẹ̀ mí ní kékeré, kò sì tíì gbà pé mo ti dàgbà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, lórí aṣọ rọ́bà tí mo wọ̀.

"Ojú oró ní í lékè omi. Òṣíbàtà ní í lékè odò. Ìwọ náà á máa lékè. Omi ò ní rí ọ gbé mì."

"Àmín!" Mo ṣe àmín náà débi pé lékeléke gbéra létí omi.

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kó má lékè jù o. Ìsàlẹ̀ la rán an."

"Ìwọ ará Kétu, àdúrà ni mò ń ṣe. Ṣé ọwọ́ ẹ ni mo ti fẹ́ gbàṣẹ ẹ̀ ni?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi bùtéyì méjì sẹ́yìn, torí pé òun ló fẹ́ pẹ́ jù nísàlẹ̀, ó sì wọ omi títí dé ọrùn. Ẹnìkejì mi, ọmọ Ṣábẹ̀ tí ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́, ti tan ẹ̀rọ náà, ó ń bú ramúramù. Lórí báàṣì, ọ̀rá ńlá tí a tẹ́ sílẹ̀, ni bùtéyì mi wà, ìyẹ́ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ńlá kan tí a mú wá bóyá ti ọ̀gá á bàjẹ́. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ọ̀gá kígbe láti inú omi, ohun tí ó fi ń mí sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ lápá kan:

"Wo ẹrù ẹ kó o tó mú ìyẹ́!"

Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ohun tó wí gan-an ni mo sọ. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà yàtọ̀. Etí tí ẹ̀rù bá ti gbà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í rí ibi jókòó síbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, háà, ọkùnrin yìí ti mọ̀. Ó ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí, ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí, àánú mi sì ṣe é. Mo wá wo ẹ̀rù mi bó ṣe ní kí n wò ó. Mo wò ó dáadáa. Ó tóbi. Mo bá na ọwọ́ sí ìyẹ́ ńlá.

Ọmọ Ṣábẹ̀ wá di okùn fún mi. "Ṣó dá ọ lójú? Ti bùtéyì méjì lèyí o."

"Ọ̀gá ló ní kí n wo ẹ̀rù mi."

Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí òun náà gbọ́ ohùn mi dáadáa. "Ó dáa. Bó bá ti ní kó o wo ẹrù ẹ, ìwọ lo mọ̀." Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe sọ ọ̀rọ̀ kan, tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì, tí a sì fohùn ṣọ̀kan.

Mo wọ omi, mi ò rì. Ìyẹ́ náà ti gbé afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú, kò fẹ́ kó jáde. Mo ń léfòó bí akèrègbè, àbúrò bàbá mi sì ń pàtẹ́wọ́ létí omi pé àdúrà òun ti ń gbà. Ojú tì mí. Mo pe ọmọ Ṣábẹ̀ kó ju òjé sí i fún mi, òjé tí à ń so mọ́ ìgbànú kí ara lè wúwo. Ó jù ú sí mi, mo so ó mọ́ra, mo sì rì lẹ́ẹ̀kan náà bí òkúta. Omi náà rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo rí ìmọ́lẹ̀ iná ọ̀gá nísàlẹ̀, níbi tó ti ń fi ayùn gé ìtí igi, àmọ́ mò ń bọ̀ wá bá a kíákíá jù. Mo tẹ bútọ́ọ̀nù tó ń kó afẹ́fẹ́ wọ ìyẹ́, kí n lè dúró. Mi ò dúró. Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò sì gbé ìka kúrò mọ́.

Bí ìyẹ́ ńlá ṣe ń ṣe lẹ́yìn bùtéyì kan nìyí, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó pọ̀n ọ́n. Nígbà tí kò sí bùtéyì kejì tó máa dì í mú kó tẹ́jú, apá rẹ̀ méjèèjì á ká sókè, á wé mọ́ bùtéyì bí ewé ṣe ń wé mọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀. Afẹ́fẹ́ á há sínú ibi tó ká. Mo tẹ bútọ́ọ̀nù tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde, díẹ̀ ló jáde, ìyókù jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ pé ilẹ̀ ti ṣú. Bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá ṣe ń lọ sókè sí ni afẹ́fẹ́ tó wà lára rẹ̀ ń wú sí i, bó bá sì ṣe ń wú sí i ni èèyàn ń yára lọ sókè sí i. Mo gbéra. Mo nawọ́ sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀gá, ó ti di kékeré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nínú omi, pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu, mo ké orúkọ ìyá mi, mo ké orúkọ Ọlọ́run, mo ké orúkọ ọ̀gá, mo sì yọ sókè bí mo ti wí níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní omi fò dé ara àwọn tó dúró létí bèbè.

Ẹ̀rín tí Manigri rín lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní Alédjo. Èmi náà ìbá ti bá wọn rín in, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀gá tó yọ jáde lẹ́yìn mi. Ó ti ju ayùn sílẹ̀. Ó wọ́ mi dé ibi tí ẹsẹ̀ tólẹ̀, ó gbá mi mú léjìká méjèèjì. Mo rò pé ó fẹ́ fọ́ mi létí.

"Nígbà tó ò ń bọ̀ sókè, ṣé ò ń mí síta?"

"Mò ń ké ni, Ọ̀gá."

"Títí dé òkè?"

"Títí dé òkè."

Ó mí kanlẹ̀. "Igbe ẹ ló gbà ọ́ là." Ó ní ẹni tó bá sé èémí tó sì ń fò lọ sókè, àyà rẹ̀ á ya bí àpò ìtọ̀ màlúù tí àwọn ọmọdé fẹ́ jù. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fi èjìká mi sílẹ̀, bí ẹni pé mo tún lè fò lọ. Ọwọ́ ọkùnrin tó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ga ju ilé lọ. Ẹ̀rín kò wù mí mọ́.

"Kí ló dé tó o fi mú ìyẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wo ẹ̀rù mi."

"Ẹrù ẹ ni mo wí!"

"Mo wò ó, Ọ̀gá. Ó tóbi."

Ó wò mí. Ó wo ìyẹ́. Ọmọ Ṣábẹ̀ ti pa ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, nítorí náà gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ náà ló kọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń lu ilẹ̀, ó ń ní, "Ó ní ó tóbi! Ẹ gbà mí, ó wọ̀n ọ́n, ó sì tóbi!"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó mú mi jókòó sórí báàṣì. Ó gbé bùtéyì tó kún lé mi lọ́wọ́, ó tún gbé èyí tó ti tán lé mi lọ́wọ́, kí n lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó ní méjì tó kún wúwo ju kan lọ débi pé ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní lè gbé wọn sókè omi, ẹni tó pọ̀n wọ́n á máa jà títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní aṣọ rọ́bà fúnra rẹ̀ máa ń fún pọ̀ nísàlẹ̀, kì í gbéni mọ́ bíi tòkè. Gbogbo ìyẹn ni èèyàn ń kà pọ̀: bùtéyì, irin tó dì í mú mọ́ ẹ̀yìn, òjé, aṣọ, irinṣẹ́. Ìyẹ́ tó bá lè gbé wọn pẹ̀lú díẹ̀ lé ni kó mú. Èyí tó kéré jù, ìsàlẹ̀ ló ń gbéni lọ. Èyí tó tóbi jù, ẹ ti rí ibi tó gbé mi lọ.

"Ìyá," ọmọ Ṣábẹ̀ pe àbúrò bàbá mi, "ẹ gba àdúrà yín padà díẹ̀. Ó ti gbà jù."

"Ṣé mo ní kó lékè kó tó débẹ̀ ni?" Ó ti bínú. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lọ ná, kẹ́ ẹ tó bú mi."

Ọ̀gá wá bi mí ní ohùn kékeré, kí àwọn yòókù má baà gbọ́. "Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó dì mí mú léjìká ló wà lójú mi. "Ó ń bà mí."

"Ó bà mí náà," ó ní, "nígbà tí mo gbójú sókè tí mi ò rí ọ." Kò sọ bóyá kí n padà sídìí ẹ̀rọ. Ó kàn nawọ́ sí ìyẹ́ méjèèjì lórí báàṣì. "Mú."

Mo mú òjé tí mo fi kún un kúrò. Mo ka ohun tí mo fẹ́ gbé, mo sì mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́.

A wọ omi. Ayùn gé ìtí igi náà sí méjì, a jọ fi ọ̀pá irin tì í, omi sì fà á lọ. Mo fi ìka kan tẹ bútọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀, mo sì dúró láàárín omi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò lọ sókè, mi ò rì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń pè mí ní pùlọ́ńjọ̀ọ̀. Manigri ń pè mí ní Ó-tóbi. Mo ń jẹ́ méjèèjì.

Mo ti kúrò nídìí omi báyìí. Nígbà tí bàbá mi kò lè kọ ebè mọ́, mo padà wálé. Mò ń gbin iṣu, mò ń ṣọ́ káṣú, mo sì máa ń jókòó lábẹ́ igi tí mo bá rí pé mo ti ń ṣe nǹkan jù. Ojú mi ti rí àwọn tó mọ odi tó ga ju ilé tó wà nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi ti kọ́ àká tó fẹ̀ ju ìkórè mi lọ ní ọdún kan tí mo bẹ̀rù ìyàn, eku ló ń gbé apá tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Bí ọmọ àbúrò mi bá fẹ́ lọ sí Kútọnu, tó wá bi mí ohun tí òun máa kó dání, mo máa ń bi í léèrè pé èwo ló ń wọ̀n, ẹ̀rù pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ẹrù pẹ̀lú ohùn àárín. Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni.

Ọ̀gá mi ṣàlàyé dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé rẹ̀ ló mú mi padà sínú omi. Nígbà tí mo so ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra tán, ó wá dà bí ọ̀já ìkókó lójú mi, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Mo dúró sí bèbè, mi ò lọ, mi ò bọ̀. Àbúrò bàbá mi sún mọ́ mi. Ó ti ká òṣùká rẹ̀, ó ti gbé e lé orí, ó fẹ́ gbé iṣu rẹ̀ lọ sílé. Kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ, ẹrù ló ni òṣùká. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹrù, má gbé e. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn."